Ẹ Bá Wa Bẹ Àwọn Tó Ń Gé Igi Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo kà á délẹ̀, mo sì ya ojú ewé náà pamọ́ fún àwọn èèyàn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sọ ti iyọ̀, ẹ sọ ti magí, ẹ sọ ti ọtí àti sìgá, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó máa ń pa òògùn tì nítorí pé ara ti yá. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, kò sí èyí tí mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí níbẹ̀. Ohun kan ni mo wá tí mi ò rí. Ẹ kò dárúkọ igi. Ẹ kò sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jáde lọ síbi tí ewé wà, kí wọ́n jókòó níbẹ̀, kí wọ́n rìn níbẹ̀, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bóyá ó jọ ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn oníròyìn. Kò jọ ọ́ lójú tèmi, nítorí pé ní àdúgbò wa níbí, ńṣe là ń gé òògùn náà lulẹ̀ lójú wa kòrókòró.

Àgbowó ni mò ń gbé, ní Ìbàdàn. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí kò jìnnà sí wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Igi odán kan wà láàárín ọgbà rẹ̀ tó ti dàgbà kí n tó kó dé àdúgbò. Ẹ mọ bí odán ṣe máa ń rí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ sórí ilẹ̀, àwọn ọmọ sì ti jókòó lé e láti ìran dé ìran títí tó fi ń dán. Ìdí rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin ti ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń tí agogo ìsinmi bá ti lù. Ibẹ̀ ni ìyá ẹlẹ́wà máa ń gbé abọ́ kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni àwọn olùkọ́ máa ń kó àga lọ ní oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí páànù bá ti sọ kíláàsì di ibi tí kò ṣeé gbé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gé e.

Mo lọ bá olùkọ́ àgbà, a sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Màmá, ewé yẹn ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ á gbálẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, á tún kún. Ó sì ń dí gọ́tà." Ẹni tó dúró tì í ní ejò máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹnì kẹta rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àwọn ìyá ń ṣèpàdé níbẹ̀ lóru. Mo wo igi tí wọ́n ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ nílẹ̀, mo ní, ṣé àwọn yẹn náà ti wá rí ibòmíràn ṣèpàdé? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, wọ́n ti to íńtálọ́ọ̀kù sí gbogbo ojúlẹ̀ náà. Ó mọ́ o, ó sì dùn ún wò nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n tí ọ̀sán bá pọ́n, kò sí ọmọ tó lè ta fẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n á lọ fara mọ́ ògiri lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjìji kò ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ, wọ́n á tò gbọọrọ síbẹ̀, wọ́n á máa dúró de agogo kí wọ́n lè padà wọlé. Àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa sáré! Ọmọ-ọmọ mi kan wà lára wọn. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ní ìsinmi, ó ní, "Mò ń dúró ni, Màmá."

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé ìyá arúgbó ni ń ṣàárò igi. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Abẹ́òkúta, ní Àrò, níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ kò lè má gbọ́ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ. Ṣáájú àkókò tirẹ̀, ní 1944, ọgbà ẹ̀wọ̀n Láńtòró ni wọ́n sọ di ibi tí wọ́n ń kó àwọn alárùn ọpọlọ sí. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dà rú, ẹ wá tì í mọ́ ilé tí wọ́n kọ́ fún ọ̀daràn. Nígbà tí Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, wọn ò tí ì kọ́ ilé ìwòsàn náà parí. Kò jókòó de kọngílá. Ó tọ àwọn àgbà abúlé tó yí ibẹ̀ ká lọ, ó bá wọn ṣe é kí wọ́n gba aláìsàn sílé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó bá tẹ̀ lé e wá. Láàárọ̀, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Tí wọ́n bá ṣetán, wọ́n á padà sí abúlé, wọ́n á dáná, wọ́n á bá wọn ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á bá wọn jókòó ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá ń wo Àrò láti kọ́gbọ́n. Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá.

Mi ò sọ pé oko ló wò wọ́n o. Òògùn wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà, ẹbí wà, oúnjẹ tí ẹnu mọ̀ wà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tọ̀sán-tòru mọ ohun tí ìta máa ń ṣe fún aláìsàn.

Ìyá kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́. Òkú ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń lo òògùn, ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ló máa ń kọjú sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sídìí máńgòrò kan lẹ́yìn wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ibi tí a bá gbé e sí náà ni a ó ti bá a. Nígbà tó ṣe, ó ń ṣa ewé gbígbẹ tó bá já bọ́ sí itan rẹ̀, ó ń tò wọ́n lé ara wọn, èyí tó gùn nísàlẹ̀, èyí tó kúrú lókè. Lọ́jọ́ kan, ó gbójú sókè, ó na ọwọ́ sí èso kan, ó ní, "Èyí ò ní í pọ́n dáadáa, kòkòrò ti wọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ máńgòrò ló fi la ẹnu. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì pé òògùn ti ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, òògùn ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ máńgòrò sínú fáìlì.

Ẹnì kan wà tó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ṣá. Roger Ulrich lorúkọ rẹ̀, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà ni. Ó kó fáìlì àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania láàárín 1972 sí 1981. Fèrèsé àwọn yàrá kan níbẹ̀ kọjú sí igi, ti àwọn míì sì kọjú sí ògiri bíríkì. Ó mú aláìsàn 23 níhìn-ín, ó mú 23 lọ́hùn-ún, ó wo ọjọ́ orí wọn àti bí ara wọn ṣe rí kó tó fi wọ́n wé ara wọn, kó má baà sí màgòmágó. Àwọn tó ń rí igi tètè lọ sílé. Wọn kò béèrè òògùn ìrora líle tó àwọn tó ń wo ògiri. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ó ka àkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ó rí i pé àwọn tó ń wo ògiri ni nọ́ọ̀sì ń kọ ẹkún àti ìráhùn wọn sílẹ̀ jù. 1984 ni iṣẹ́ náà jáde. Bẹ́ẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń wo igi ọ̀hún, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbàkigbà tí mo bá wọ ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ti fi kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá lè ríbi dúró, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ kan kó ìdáhùn àwọn èèyàn tó súnmọ́ 20,000 jọ, wọ́n gbé e jáde ní 2019. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo 120 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ nínú ọgbà, nínú igbó tàbí létí omi, àwọn ló ń sọ jù pé ara àwọn le, pé ọkàn àwọn sì balẹ̀. Ẹ lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lè pín in sí wẹ́wẹ́, bákan náà ni. Ẹni tó gbọ́n á bi mí pé, ṣé kì í ṣe àwọn tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ ló ń jáde? Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ràn ẹni tó bá bi mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé irú ìwádìí yìí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìta ló fa àlàáfíà. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ti àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra lọ́tọ̀, bákan náà ló rí. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀! Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road lè gba ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Ti àwọn ọmọdé tiẹ̀ tún le jù. Ní Guangzhou, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ń lò níta ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọn ò fi kún ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọmọ 100 tó ń jáde, nǹkan bí 30 ni ojú wọn kò ríran jìnnà mọ́. Ti àwọn tí wọn ò fi kún àkókò wọn súnmọ́ 40. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n ní ó ń ràn ẹyinjú ọmọ lọ́wọ́. Ẹ wá sọ fún mi, ibo ni ọmọ fẹ́ dúró sí nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán Ìbàdàn tí kò bá sí igi?

Èmi àti ìyá kan láti ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń sọdá sínú Yunifásítì Ìbàdàn láti rìn láàárọ̀ Sátidé. Kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ àwọn tó gbin igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, òórùn ilẹ̀ àti ewé tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa. Ẹ̀gà á ti bo orí ọ̀pẹ, wọ́n á máa já imọ̀ rẹ̀ láti fi kọ́lé, wọ́n á máa bára wọn jà lórí ẹ̀ka kan náà, ariwo wọn á sì pọ̀ débi pé a ní láti gbóhùn sókè ká tó gbọ́ ara wa. Ọ̀kẹ́rẹ́ á sáré gun igi, á dúró ní agbedeméjì, á máa wò wá bóyá a fẹ́ bá òun jà. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ń lo òògùn rẹ̀, èmi ni mo sì ń bá a wọn ìfúnpá rẹ̀. Mi ò ní parọ́ pé ìrìn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òògùn. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, alẹ́ ọjọ́ tí a bá rìn ni òun máa ń sùn láì jí wo aago.

Nígbà tí mo ti dárúkọ ẹ̀gà: ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, dúdú ni, akọ rẹ̀ ní orí pupa fòò, Ìbàdàn sì ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Igbó tí IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, dá sí lọ́nà Ọ̀yọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tí wọ́n ti ń rí i. Ìlú wa ló ń jẹ́ o, àwọn tó ń wọ bàálù wá wò ó sì mọ̀ ọ́n ju àwa tó ń jẹ àmàlà níbí lọ. Ó dùn mí.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ igi, wọ́n á ní kí n má gbé wọn lọ sí ojúbọ. Kìrìsìtẹ́nì ni èmi náà. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi wọ́n pé, nígbà tí ẹ bá lọ gbàdúrà lórí òkè, tí ẹ padà dé tí ojú yín ń dán, tí ẹ ní ọkàn yín fúyẹ́, kí ló dé tí ẹ ò gbà á nínú pálọ̀ yín? Ọlọ́run wà ní pálọ̀. Atẹ́gùn òkè, ìparọ́rọ́, kí èèyàn má gbúròó jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì, Ọlọ́run náà ló fi wọ́n síbẹ̀.

Ẹ̀sùn tó ṣòro jù láti dáhùn ni ti ààbò. "Màmá, ta ló fẹ́ wọ igbó lásìkò ajínigbé yìí?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí mo ti ń ṣe ní kékeré tí a máa ń lọ ṣa ìgbín pẹ̀lú àtùpà ní àárọ̀ kùtùkùtù, mi ò lè gba ọmọ kankan níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọgbà Àgódi dára, wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn tí omíyalé 2011 ti bà á jẹ́, mo sì ti kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń bẹ, owó ìwọlé ń bẹ, àwọn ọmọ á tún rí ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ìyá tó ń kiri gaàrí kò lè ṣe é lóṣooṣù, ká má tiẹ̀ sọ ti ọ̀sẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń pariwo lórí igi ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, igi ọgbà ilé ìwòsàn, igi iwájú ọjà. Igbó ti jìnnà sí wa, ẹ̀rù sì ti wọ̀ ọ́. Igi tó wà láàárín wa ló kù fún mẹ̀kúnnù, kò sì gba owó ìwọlé.

Ní ti ejò, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: eku ni ejò ń bá wá, pàǹtírí ni eku ń bá wá. Ẹ ro ìdí igi, ẹ kó ìdọ̀tí kúrò, ẹ rẹ́ ẹ̀ka tó bá ti lọ bá òrùlé. Ní ti ewé, ẹ wa kòtò sí ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ máa dà á síbẹ̀, kí àwọn ọmọ fi gbin ẹ̀fọ́. Ní ti gọ́tà, omi òjò tí ilẹ̀ máa ń mu tẹ́lẹ̀, orí íńtálọ́ọ̀kù ló ń gbà báyìí, inú gọ́tà kan náà ló sì ń ya sí pẹ̀lú ipá. Ẹ̀yin tí ẹ rí bí odò Ògùnpa ṣe ya wọ ìlú ní 1980 mọ ohun tí mò ń wí. Ní ti àwọn ìyá tó ń ṣèpàdé, mi ò ní ìdáhùn.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ bá wa bi ìjọba ìpínlẹ̀ léèrè bóyá olùkọ́ àgbà kan lè dá ìpinnu gígé igi ṣe láì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ igbó tàbí àwọn òbí. Tí òfin bá wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ká kà á. Tí kò bá sí, ẹ bá wa sọ ọ́ létí àwọn tó ń ṣòfin. Ẹ bi àwọn tó ń yàwòrán ilé ìwòsàn pé kí ni aláìsàn á máa rí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá tún kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi ìlà kan kún un pé kí èèyàn máa lọ sábẹ́ igi, kó má fi fóònù dí ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀.

Odán kì í ṣòro gbìn. Ẹ̀ka rẹ̀ tó bá tó apá èèyàn ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ nígbà òjò, á sì hù. Ọ̀kan wà lẹ́yìnkùlé mi tí mo fẹ́ rẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí olùkọ́ àgbà rán ọmọ wá gbà á, ilé mi kò ṣàjèjì sí wọn. Kí wọ́n yọ íńtálọ́ọ̀kù díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọgbà ṣáájú. Mo lè bá wọn san owó ẹni tó máa yọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Nọ́ọ̀sì,
Àgbowó, Ìbàdàn.